Wọ́n Ní Bọ́ǹbù Ni Ọkọ̀ Ojú Irin Bàbá Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lójú ọ̀nà Àpápá lọ́jọ́ Sátidé kan. Ó ti pẹ́ díẹ̀. Mi ò kọ ọ́ síbí rí, nítorí gbogbo ìgbà tí mo bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni àyà mi máa ń já. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan gbé fídíò ibi tí èrò ti ń lu ọmọbìnrin kan sójú ìwé yìí, àwọn èèyàn sì ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ ẹ̀. Mo ní rárá o, ó yẹ kí n sọ tèmi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé tíṣà ni mí. Ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kékeré kan ní Ajégúnlẹ̀ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Auntie Dúpẹ́ ni wọ́n ń pè mí. Èmi àti bàbá mi nìkan la jọ ń gbé, nítorí màmá mi ti di olóògbé.

Dírẹ́bà ọkọ̀ ojú irin ni bàbá mi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Àwọn ni wọ́n máa ń wa ọkọ̀ tó ń kó ẹrù jáde láti èbúté Àpápá lọ sókè ọ̀hún. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà lókè òkun ra ọkọ̀ ojú irin kékeré kan ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ má rò pé ohun ìṣeré tọ́rọ́-kọ́bọ̀ ni mò ń sọ o! Orí ọkọ̀ náà nìkan, ìyẹn ẹ̀ńjìnnì tó ń fa àwọn yòókù, gùn tó apá mi láti ìgúnpá dé ọwọ́. Àwọ̀ ewé ni, ó ní fèrèsé wínníwínní, iná iwájú rẹ̀ ń tàn, ó sì máa ń fọn fèrè gẹ́lẹ́ bíi ti gidi. Bàbá to irin rẹ̀ yí pálọ̀ wa ká. Àlejò tí kò bá mọ̀, á kọsẹ̀.

Wọ́n ń tọ́jú ọkọ̀ yìí bí ẹni tọ́jú ẹyin. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan wọ́n á tú u, wọ́n á fi òróró sí i, wọ́n á nu ekuru kúrò nínú rẹ̀. Ike aláwọ̀ ewé tó bo ẹ̀ńjìnnì náà lókè, ẹ̀wù ni bàbá máa ń pè é. Wọ́n á ní kí n wá wò ó, àwọn fẹ́ bọ́ ẹ̀wù fún ọkọ̀. Èmi á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, màá máa máàkì ìwé àwọn ọmọ, màá máa fi ojú kan wò wọ́n. Mi ò fọwọ́ kàn án rí. Kí ni tèmi níbẹ̀?

Nígbà tó yá, àìsàn kan kọ lu bàbá, ó sì fi gbígbọ̀n sí wọn lọ́wọ́. Wọn ò lè di síkúrù kékeré mú mọ́. Bóyá ẹ ò ní gbàgbọ́, àsìkò yẹn náà lọkọ̀ ojú irin yìí daṣẹ́ sílẹ̀. A tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ ẹ́, kò dáhùn. Bàbá kàn máa ń jókòó wo irin tó yí pálọ̀ ká ni. Ìyẹn wá ń dùn mí ju kí wọ́n ráhùn lọ.

Mo wádìí títí, wọ́n júwe ọkùnrin kan fún mi lẹ́bàá Wharf Road, tó ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe. Mo gbé orí ọkọ̀ náà lọ bá a. Ó ní bátìrì inú ẹ̀ ló ti kú, pé òun á wá òmíràn tó máa gba inú àyè yẹn. Nígbà tó pè mí pé ó ti parí, mo dúró di Sátidé tí kò sí iléèwé, mo lọ gbà á.

Òun fúnra rẹ̀ ò sí ní ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó rẹ̀ ló gbé e fún mi. Wọ́n ti fi ìwé ìròyìn wé e, wọ́n sì ti fi sẹlotéèpù dì í yípo. Mo bi í bóyá kí n tú u wò. Ó ní kí n má wulẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu, ọkọ òun ti dán an wò, iṣẹ́ ti pé. Mo dúpẹ́, mo gbé e sínú báàgì dúdú mi, mo jáde.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Àpápá mọ bí ọ̀nà ibẹ̀ ṣe máa ń rí. Àwọn tírélà tó ń lọ sí èbúté Tin Can tò lápá kan, àwọn tánkà epo tò lápá kejì, àwọn dírẹ́bà sì ti sọ abẹ́ ọkọ̀ di ilé. Ẹnì kan ń sá aṣọ sára ọkọ̀, ẹnì kan tẹ́ ẹní, ó ń sùn. Mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá kan tó ń wá àyè gbà láàárín wọn. Àwa mẹ́ta la wà lẹ́yìn: èmi, obìnrin kan tó gbé ike ẹja lé ẹsẹ̀, àti ọkùnrin kan tó di fáìlì mú pinpin, ó jọ àwọn tó ń bá èèyàn gba ẹrù jáde ní pọ́ọ̀tù.

A ò tíì rìn jìnnà tí kẹ̀kẹ́ fi dúró sójú kan. Tánkà epo ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó súnmọ́ wa débi pé mo lè nawọ́ kàn án. Ìgbà yẹn ni báàgì mi dún.

Pí.

Mo rò pé etí mi ló ń hó. Ó tún dún. Pí. Ọkùnrin onífáìlì ní fóònù mi ń ké. Ẹnu mi ló kó bá mi o! Mo ní kì í ṣe fóònù mi, fóònù mi rèé lọ́wọ́ mi.

Ẹ rántí bí nǹkan ṣe rí láyé ìgbà yẹn. Kò sọ́jọ́ tí rédíò kì í sọ pé bọ́ǹbù bú ní ibì kan lókè Ọya. Téèyàn bá gbàgbé báàgì sórí àga ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìsìn á dàrú. Ìbẹ̀rù ti wà nínú gbogbo wa kó tó di pé báàgì mi dún.

Ọkùnrin yẹn bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan fa ẹnu báàgì mi sílẹ̀ díẹ̀. Ìwé ìròyìn ti ya lápá ibẹ̀. Látinú fèrèsé ọkọ̀ ojú irin náà, iná pupa kékeré kan ń ṣẹ́jú sí wa. Ó dún, ó ṣẹ́jú. Ó dún, ó ṣẹ́jú.

Bàtà rẹ̀ kan ló fi sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́. Mi ò tíì rí i kí àgbàlagbà fò bẹ́ẹ̀ rí. Ó ń sá lọ, ó ń pariwo pé bọ́ǹbù, bọ́ǹbù wà lọ́wọ́ obìnrin yẹn! Obìnrin ẹlẹ́ja da ẹja sílẹ̀. Oníkẹ̀kẹ́ fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lára ẹ̀. Àwọn tó ń sùn lábẹ́ tírélà ta gìrì jáde, wọ́n sì ń ti ara wọn ṣubú. Kí n tó mí èémí mẹ́ta, ó ku èmi nìkan nínú kẹ̀kẹ́.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí èmi náà ò sá. Ẹsẹ̀ wo ni mo fẹ́ fi sá? Mo rọra sọ̀ kalẹ̀, mo gbé báàgì náà sílẹ̀ lójú ọ̀dà, mo dúró tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ òkú.

Àwọn sójà méjì kan wà níwájú tí wọ́n ń darí ọkọ̀. Ọ̀kan ń ti èrò sẹ́yìn, èkejì ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ó na ìbọn sí mi. Ó dúró lókèèrè, ó bi mí pé kí ló wà nínú báàgì.

Mo ní ọkọ̀ ojú irin ni, sà.

Ẹ̀yin náà ẹ wo bí ó ṣe ń dún létí! Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti yí. "Train? For inside bag?"

Mo ń sunkún, mo ń ṣàlàyé pé ti bàbá mi ni, pé ohun ìṣeré ni, pé mo lọ tún un ṣe ni. Ó ní kí n mú un jáde. Mo mú un jáde. Ó ní kí n ya ìwé ara ẹ̀. Mo ya á. Nígbà tí orí ọkọ̀ aláwọ̀ ewé náà yọ, tí gbogbo wọn rí ojú pupa tó ń ṣẹ́jú nínú rẹ̀, èrò hó gèè, wọ́n tún sún sẹ́yìn. Sójà ní kí n ṣí i kí òun rí inú rẹ̀. Mo ní mi ò ṣí i rí, bàbá mi ló mọ̀ ọ́n ṣí.

"Na you carry am come," ó wí. "Na you go open am."

Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n pe bàbá mi kí wọ́n júwe rẹ̀ fún mi. Mo ti tẹ nọ́ńbà wọn. Mo gbọ́ ohùn bàbá tí wọ́n ní, "Dúpẹ́?" Kí n tó dáhùn, sójà ti bú mọ́ mi pé kí n ju fóònù yẹn nù, pé fóònù ni wọ́n fi ń mú bọ́ǹbù bú, pé bí mo bá tún tẹ̀ ẹ́, òun á yìnbọn. Mo jù ú sílẹ̀. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ lọ lọ́tọ̀, bátìrì rẹ̀ lọ lọ́tọ̀.

Sójà kejì ti pe àwọn ọ̀gá wọn. Wọ́n ní àwọn tó mọ̀ nípa bọ́ǹbù ń bọ̀. Ní Àpápá? Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ yẹn? Ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ dé?

Èrò ò sì ṣe tán láti dúró. Wọ́n ti pọ̀ lẹ́yìn àwọn tírélà. Mo ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, wọn ò tiẹ̀ sọ ọ́ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Wọ́n ní àwọn tó ń ju bọ́ǹbù ló rán mi. Wọ́n ní ẹ wò ó bó ṣe ń díbọ́n sunkún. Àwọn géńdé kan ti ń yí táyà àtijọ́ kan bọ̀, ọ̀kan nínú wọn sì gbé kẹ́ẹ̀gì dání. Mo wo kẹ́ẹ̀gì yẹn, mo mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Ẹ̀yin ará, wọ́n fẹ́ sun mí láàyè!

Mo ń wá ojú kan, ojú kan ṣoṣo tí mo mọ̀. Mo sì rí i! Ìyá ọmọ kíláàsì mi kan ni, Mummy Favour, òun náà dúró láàárín wọn. Mo pè é. Mo ní, "Mummy Favour, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn, ẹ mọ̀ mí!"

Ó wò mí. Ó fa gèlè rẹ̀ sílẹ̀ bo iwájú orí, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ṣé ẹ mọ ohun tó tún wá burú jù? Èmi fúnra mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyè méjì. Láti ọjọ́ tí ọkọ̀ yìí ti dé ilé wa, kò dún báyẹn rí. Kò ní iná pupa kankan nínú rí. Ó ti sùn sí ṣọ́ọ̀bù ẹni ẹlẹ́ni, mi ò sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n pa á dé. Kí ni mo mọ̀ nípa ọkùnrin yẹn? Kí ló dé tí òun fúnra rẹ̀ ò dúró dè mí? Kí ló dé tí ìyàwó rẹ̀ ò fẹ́ kí n tú u? Mo wo ohun tí bàbá mi fẹ́ràn bí ojú, mo rí i pé mò ń bẹ̀rù ẹ̀. Mo sún ẹsẹ̀ sẹ́yìn.

Ibẹ̀ ni mo wà tí bàbá kan fi yọ láti ẹ̀gbẹ́ tánkà tó súnmọ́ wa yẹn. Jálàbíà tó ti ṣá ni wọ́n wọ̀, wọ́n fi tẹ̀sùbáà wé ọwọ́. Àwọn ni dírẹ́bà tánkà náà. Gbogbo èèyàn ń pè wọ́n pé kí wọ́n padà, sójà náà ń jágbe mọ́ wọn. Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kó rí i pé kò sí nǹkan níbẹ̀, wọ́n sì ń bọ̀ jẹ́jẹ́. Wọ́n kọ́kọ́ yíjú sí àwọn ọlọ́táyà.

"Ọkọ̀ mi kún fún pẹtiróòlù," wọ́n wí. "Ẹ̀ ń bẹ̀rù iná, ẹ sì ń gbé iná bọ̀."

Wọn ò pariwo. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé kẹ́ẹ̀gì dúró, ó wo tánkà, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó rọra gbé kẹ́ẹ̀gì náà sẹ́yìn.

Wọ́n wá yíjú sí mi. Wọ́n bi mí pé kí ló wà nínú rẹ̀. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, mo ti ń búra pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè parọ́ fún bàbá yẹn. Mo ní, "Bàbá, mi ò mọ̀ mọ́."

Wọ́n mi orí. "Ó dáa. Jẹ́ ká jọ wò ó."

Wọ́n bá kúnlẹ̀ lójú ọ̀dà.

Mo ń kọ èyí báyìí, omi ń bọ́ lójú mi. Ta ni mo jẹ́ sí bàbá yẹn?

Wọ́n bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe ń ṣí i. Mo di ojú mi, mo gbé bàbá mi sọ́kàn, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é lórí tábìlì wa. Mo ní wọ́n máa ń dojú rẹ̀ bolẹ̀ ná, síkúrù kan wà nídìí níwájú, ọ̀kan wà lẹ́yìn. Bàbá dírẹ́bà fa tẹ́sítà yọ lápò, irú èyí tí àwọn oníná fi ń wò bóyá iná wà, tí ẹnu rẹ̀ sì lè tú síkúrù. Wọ́n dá ọkọ̀ dé lórí ẹsẹ̀ wọn, wọ́n dì í mú, èmi sì ń tú u. Síkúrù àkọ́kọ́ jáde. Èkejì ò fẹ́ gbà, ọwọ́ mi ń yọ̀ nítorí òógùn. Gbogbo ìgbà yẹn ló ń dún. Pí. Pí. Èmi ń pe Jésù lábẹ́ ahọ́n, bàbá ń ṣe àṣàlátù tiwọn, a ò sì dí ara wa lọ́wọ́.

Nígbà tí síkúrù kejì jáde, tí a sì yí ọkọ̀ padà, mo ti fẹ́ fa ẹ̀wù rẹ̀, mo bá rántí. Kì í ṣe síkúrù nìkan ló di ẹ̀wù yẹn mú. Ó ní eyín kéékèèké nínú, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, tó di irin ìsàlẹ̀ mú. Bí èèyàn bá fipá fà á, á kán. Bàbá mi máa ń gé páálí pẹlẹbẹ, wọ́n á tì í bọ àárín ike àti irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kí eyín yẹn lè tú ẹnu sílẹ̀. Níbo la ti fẹ́ rí páálí? Mo já káàdì iléèwé mi lọ́rùn. Bàbá dírẹ́bà yọ láísẹ́ǹsì wọn lápò. Mo ti tèmi bọ apá kan, wọ́n ti tiwọn bọ apá kejì. Mo gbọ́ ọ nígbà tí eyín àkọ́kọ́ tú: kẹ́. Sójà náà gbọ́ ọ. Ó fò sẹ́yìn.

Mo sọ fún bàbá pé ẹ̀yìn ni ká kọ́kọ́ gbé sókè o, kì í ṣe iwájú, nítorí wáyà iná iwájú so mọ́ ẹ̀wù náà nínú. Wọ́n di irin ìsàlẹ̀ mú gírígírí. Mo fi àwọn ìka mi gbé ẹ̀yìn, díẹ̀díẹ̀. Ó gbà. Mo gbé e sókè bí ẹni tó ń ṣí ìkòkò gbígbóná, mo rọra gbé e dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wáyà rẹ̀ ò já.

Ẹ rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, àbí? Èmi náà ti rò bẹ́ẹ̀.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ jọ bọ́ǹbù! Mi ò rí bọ́ǹbù rí, ṣùgbọ́n gbogbo wa la ti wo fíìmù. Nǹkan kan bíi bíríkì kékeré, tí wọ́n fi rọ́bà búlúù wé, ló wà láàárín. Wáyà pupa, wáyà dúdú àti wáyà funfun jáde lára rẹ̀, wọ́n lọ sínú àpótí bíńtín kan tó ń ṣẹ́jú, tó ń ké. Mo gbọ́ kà-kà bí sójà ṣe kẹ́ ìbọn rẹ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni nínú wa má mira. Lẹ́yìn wa, èrò tún bẹ̀rẹ̀ sí í sá.

Mi ò mira. Bàbá ò mira. Mo ń wo nǹkan yẹn, mo ń gbọ́ bó ṣe ń dún. Bí mo ṣe ń gbọ́ ọ, ó ṣe mí bí ẹni pé mo ti gbọ́ ohùn yẹn rí. Níbo? Ní ọ́fíìsì iléèwé wa! Tí wọ́n bá ti mú iná lọ, UPS tó ń fi iná pamọ́ lábẹ́ kọ̀ǹpútà ọ̀gá wa á bẹ̀rẹ̀ sí í ké gẹ́lẹ́ báyẹn pé bátìrì òun ń tán lọ. Mo rọra tẹ orí mi bá àpótí bíńtín náà. Wọ́n kọ nǹkan sí i lára pẹ̀lú lẹ́tà tó kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Mo kà á. Gẹ̀ẹ́sì ni. Ó ń sọ pé bátìrì ti lọ sílẹ̀.

Mo sọ fún sójà. Ó ní òun ò gbà, kí n má fọwọ́ kàn án. Mo ní sà, bátìrì ni, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé ká ṣáájì òun ni, ẹ jẹ́ kí n yọ ọ́. Kò ní kí n yọ ọ́, kò ní kí n má yọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín: mi ò dá ara mi lójú. Bóyá ẹni tó fẹ́ pa wá ló kọ ọ́ síbẹ̀, ta ló mọ̀? Mo sọ fún bàbá dírẹ́bà pé kí wọ́n dìde, kí wọ́n lọ jìnnà, kí n yọ ọ́ fúnra mi.

Wọ́n wò mí. "Tí mo bá sá báyìí, kí ni mo wá ṣe?"

Wọn ò jọ̀wọ́ ọkọ̀ náà. Mo fi ìka méjì di ibi tí àwọn wáyà náà ti wọ àpótí bíńtín yẹn mú, mo di ojú mi, mo fà á yọ.

Kò dún mọ́.

Mo ń retí ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo la ojú. Bàbá dírẹ́bà ń mí sókè sílẹ̀, òógùn ti bo ojú wọn, ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba àwọn náà bíi tèmi.

Sójà náà wá súnmọ́ wa, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo inú ọkọ̀ náà pẹ́. Ó fi ìka tẹ mọ́tò bíńtín inú rẹ̀ wò. Ó ní, "So na battery dey cry." Ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó ní kí n má bínú, iṣẹ́ òun ni. Ó ṣa fóònù mi fún mi.

Ẹ ò rí i bí àwọn èèyàn ṣe túká! Kíá, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Táyà wà lójú ọ̀nà, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ni ín. Ọkùnrin onífáìlì padà wá mú bàtà rẹ̀, ó ní, "Auntie, ẹ̀mí ló dùn o." Oníkẹ̀kẹ́ ní kí n wọlé ká máa lọ. Mo ní rárá, màá rìn.

Mo kúnlẹ̀ láti dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá dírẹ́bà, ṣùgbọ́n ìlà tánkà ti sún síwájú, àwọn tó wà lẹ́yìn ti ń fọn fèrè mọ́ wọn. Wọ́n fọwọ́ kàn mí lórí, wọ́n sáré lọ gun ọkọ̀ wọn. Mi ò bi wọ́n léèrè orúkọ. Ó ń dùn mí títí di òní.

Nígbà tí mo délé, bàbá mi ò sí nílé! Ẹ rántí pé wọ́n ti gbé fóònù yẹn. Wọ́n gbọ́ bí ẹnì kan ṣe ń jágbe bọ́ǹbù àti ìbọn, wọn ò sì gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ni wọ́n bá jáde láti wá mi. Àwọn ará àdúgbò ló rí wọn lọ́nà Boundary ní Ajégúnlẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ wọn kì í ṣe ẹnìkejì ara wọn, wọ́n ń di ògiri mú rìn. Nígbà tí wọ́n mú bàbá délé tí bàbá rí mi, wọ́n dì mọ́ mi. Mo ń sọ fún wọn pé ọkọ̀ ò bàjẹ́, ẹ̀wù ẹ̀ rèé, wáyà ò já. Wọ́n ní, "Ta ló bi ọ́ léèrè ọkọ̀?" Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọn ò jọ̀wọ́ ẹ̀.

Alátùn-únṣe pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní inú ọkọ̀ òfuurufú ìṣeré kan lòun ti yọ bátìrì yẹn, pé àpótí bíńtín yẹn ló máa ń kìlọ̀ tó bá ti fẹ́ tán. Ó ní òun ti sọ fún ìyàwó òun pé kó sọ fún mi kí n ṣáájì rẹ̀. Ìyàwó gbàgbé. Ó bẹ̀ mí títí.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, Mummy Favour mú ọmọ rẹ̀ wá síléèwé. Ó dúró lẹ́nu géètì, kò wọlé, kò lọ. Nígbà tó yá, ó ní, "Auntie, ká ní mo sọ pé mo mọ̀ yín, wọn ì bá ní àwa méjèèjì la jọ wà nínú ẹ̀." Ó bú sẹ́kún. Mo fẹ́ bínú, mo wá ìbínú náà tì. Mo di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, a wọ kíláàsì.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí. Bí ẹ bá gbé nǹkan fún èèyàn tún ṣe, ẹ tú u wò níbẹ̀, ẹ béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ tó gbé e sí àárín èrò. Ìyẹn ni kékeré. Ńlá ibẹ̀ ni pé ariwo kì í ṣe ẹ̀rí. Gbogbo àwọn tó yí mi ká lọ́jọ́ yẹn, èèyàn rere ni wọ́n o: oníṣòwò, dírẹ́bà, ìyá ọlọ́mọ. Ìbẹ̀rù ló sọ wọ́n di nǹkan mìíràn, ó sì kù díẹ̀ kí wọ́n sun èèyàn nítorí ọkọ̀ ìṣeré tí bátìrì rẹ̀ ń tán lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló súnmọ́ mi tó ní ká jọ wò ó.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè: ká ní ẹlòmíràn ló gbé báàgì yẹn, tí èmi sì wà lẹ́yìn tírélà pẹ̀lú èrò, ṣé màá jáde? Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò mọ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé wọ́n ti fura sí yín rí níbi tí ẹ kò mọwọ́ mẹsẹ̀? Ta ló dá sí i? Àbí ẹ̀yin lẹ dá sí ti ẹlòmíràn? Ẹ sọ tiyín sábẹ́ ibí, mo ń kà á. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ mọ bàbá kan tó ń wa tánkà lọ́nà Àpápá, tí wọ́n máa ń wé tẹ̀sùbáà mọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi wọ́n ní orúkọ wọn.